Ìbéèrè Tí Rowena Bi Ọ̀gá Ilé-ìwé

Troels fẹ́ kí Signe ọmọ wọn lọ sí ilé-ìwé àdúgbò ní Aarhus, ìlú wọn ní Denmark.

"Ibẹ̀ lèmi náà ti kàwé. Ṣé mo ya òpè ni?"

"Mi ò tíì sọ bẹ́ẹ̀," ni Rowena ìyàwó rẹ̀, tó wá láti Manila ní Philippines, fèsì. "Àmọ́ ilé-ìwé àwọn àjèjì ló máa lọ. Ọjọ́ iwájú rẹ̀ ni mò ń rò."

Wọ́n ń ti ilé-ìwé àwọn àjèjì náà bọ̀ báyìí. Troels ti gbà.

"Ìyá Signe, ojú rẹ ríran jìnnà ju tèmi lọ. O ṣeun."

Ẹni tó bá ṣe lara ń fu; Rowena ò lè wojú rẹ̀.

"Kí lo bi ọ̀gá wọn nígbà tí mo lọ gbé kẹ̀kẹ́?"

"Oúnjẹ ọ̀sán ni."

Irọ́ ni. Ohun tó bi í ni pé:

"Bí mo bá mú ọmọ padà sí Manila, ṣé ẹ máa sọ fún bàbá rẹ̀?"