Ìlẹ̀kẹ̀ Tí Fádèyí Lọ Jí

Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé olè ni Fádèyí, síbẹ̀ wọn ò lè kórìíra rẹ̀. Òun ló sùn lọ lábẹ́ ibùsùn nílé tó ti lọ jalè, tí onílé fi ẹ̀kọ gbígbóná jí i láàárọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ yìí, kò sí ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀. Wúràọlá ìyàwó rẹ̀ ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀, àwọn oníṣègùn sì ti ní ó ti kọjá agbára àwọn. Wọ́n ní ìlẹ̀kẹ̀ kan wà tí kì í jẹ́ kí ẹni tó bá fi sọ́rùn kú, inú ahoro ilé kan létí odò ló sì wà.

Ó gba ojú fèrèsé wọlé, ló bá fẹsẹ̀ gbá korobá. Ariwo gba ilé kan.

"Ẹ má bínú o," ló sọ sínú òkùnkùn, bí ìṣe rẹ̀.

"Kò burú," ni ohùn ìyá àgbà kan dáhùn. "Inú ìkòkò tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ ni."

Fádèyí tọwọ́ bọ ìkòkò. Ìlẹ̀kẹ̀ náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́rùn ènìyàn.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó máa gba ìyàwó mi là?"

Ìró ẹsẹ̀ kan ń bọ̀ jẹ́jẹ́ láti yàrá inú, ẹsẹ̀ tí Fádèyí mọ̀ dáadáa. Wúràọlá yọ lẹ́nu ọ̀nà, nínú aṣọ tí ó fi dùbúlẹ̀ nílé.

"Bàbá Tóyìn," ló wí, "ẹ má yọ ara yín lẹ́nu mọ́."

Kò wúkọ́ rárá, kò sì mí mọ́.