Àpẹẹrẹ Tó Kù

“Ṣíọ̀! Tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ gan-an,” òpìtàn ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì wí fún ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń bá a tẹ ìwé. “Àwọn ọ̀mọ̀wé àtijọ́ tó ní láti ara ẹranko la ti ṣẹ̀ wá, bí agbárí ènìyàn ṣe rí ni wọ́n fi ń mọ ọmọlúàbí. Agbéraga tí ojú kì í tì! Àpẹẹrẹ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ló kù tí a ò tíì rí.”

“Bàámi, àfẹ́sọ́nà mi ti dé. Ó wà ní pálọ̀.”

Bàbá náà yọjú láti ẹ̀yìn kọ́tìnì, ó yínmú. “Wo iwájú orí pẹlẹbẹ! Irú ẹ̀jẹ̀ yìí kò ní wọ ìdílé mi láéláé.”

Ọmọ náà ṣì ń tẹ̀wé.

“Kí lò ń tẹ̀?”

“Àpẹẹrẹ tí ẹ ń wá ni, Bàámi.”

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì jáde lọ sí pálọ̀.