Níbo Ni Omi Mù Ọ́ Dé?

Olùṣọ́ adágún ń so àsíá pupa tí ó ka ìlúwẹ̀ẹ́ léèwọ̀ mọ́ òpó, nígbà tí omidan kan bọ́ bàtà rẹ̀ sí etí omi.

"Bàbá, ẹ̀rù omi ń bà yín bí ológbò!"

"A kì í gbọ́ pé odò gbé ológbò, ọmọ mi. Òjò àná ti da ìsàlẹ̀ rú."

"Ọkùnrin yẹn ńkọ́?"

Ní àárín gbùngbùn adágún, ọkùnrin kan dúró ṣinṣin, ó ń juwọ́ sí wọn. Olùṣọ́ kò rántí pé òun fi àyè gba ẹnikẹ́ni láti wọ omi ní àárọ̀ náà.

"Níbo ni omi mù ọ́ dé?" ni ó ké sí i.

"Ìbàdí péré ni, Bàbá!"

Omidan náà rẹ́rìn-ín, ó ki ẹsẹ̀ bọ omi. Olùṣọ́ di apá rẹ̀ mú, nítorí ó ku ìbéèrè kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò gbà á láyè láti fò.

"Kí lo dúró lé? Yanrìn ni àbí àpáta?"

Ohùn náà rọra gba orí omi wá, ó kún fún ọ̀wọ̀.

"Èjìká ẹni tó ṣáájú mi ni, Bàbá. Ẹ jẹ́ kó máa bọ̀. Èjìká tèmi ṣì ṣófo."