Ọkùnrin Tó Ń Ka Gbólóhùn Tirẹ̀ Nìkan

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo bẹ̀ yín, ẹ ka ìtàn yìí títí dé ìsàlẹ̀. Ẹ má fo ìlà kankan. Ẹni tó ń fo ìlà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

1.

Ọkùnrin kan ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ọṣẹ. Mo-ti-gbọ́ ni wọ́n ń pè é, nítorí pé o kò ní tíì sọ̀rọ̀ dé ìdajì tí yóò fi ní, "Mo ti gbọ́, mo ti gbọ́." Ohun tó ń wù ú ni kó máa darí ẹ̀rọ ńlá tó ń po ọṣẹ. Ọ̀gá sì ti ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ darí ẹ̀rọ yẹn láìjẹ́ pé ó lọ kọ́ ìwé kíkà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an, ló máa ń wọ inú ẹ̀rọ náà láti fọ̀ ọ́. Òun ló ń rọ̀ ọ́.

"Àbúrò, lọ kọ́ ọ. Èèyàn kì í dàgbà ju ẹ̀kọ́ lọ."

Ó lọ. Ṣùgbọ́n ká sọ òtítọ́, ẹ̀rù ń bà á. Ọkùnrin tó ń fi èjìká kan gbé àpò ọṣẹ, bó bá ti rí ìwé, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn.

2.

Obìnrin kúkúrú kan tí kì í pariwo ni olùkọ́ wọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ó to òfin kíláàsì sílẹ̀ fún wọn.

"Ẹ pa fóònù yín. Ẹni tó bá pẹ́, kó rọra wọlé. Kí ẹnikẹ́ni má bá ẹnikẹ́ni kàwé. Ẹni tí nǹkan ò bá yé, kó nawọ́ sókè. Ẹni tó bá fi í rẹ́rìn-ín, èmi àtolúwarẹ̀ ni. Tá a bá ń kàwé yípo, tí kálukú ń ka gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ìka tẹ̀ lé ẹni tó ń kà. Ẹ má ṣe máa wá ibi tó máa kàn yín kiri. Gbólóhùn tí kì í ṣe tìẹ ló máa jẹ́ kí tìẹ yé ẹ."

"Mo ti gbọ́," ni ọkùnrin wa sọ lábẹ́ ahọ́n.

Ṣé ẹ mọ ohun tó ń ṣe? Ẹ̀yìn pátápátá ló máa ń jókòó sí. Yóò ka orí àwọn tó wà níwájú, yóò mọ gbólóhùn tó máa kan òun, yóò sì máa jẹ ẹ́ lẹ́nu wúyẹ́wúyẹ́, àyà rẹ̀ á máa lù kì kì kì. Bó bá kàn án, yóò kà á geerege bí ẹni mu omi. Ohun tí àwọn yòókù kà, kò gbọ́ ọ.

Télọ̀ kan tó jókòó tì í rí i. "Bọ̀dá, ọkọ obìnrin inú ìwé yìí ńkọ́?"

"Ọkọ wo?"

Télọ̀ fọwọ́ bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín kẹ̀kẹ̀. "Háà! A ti sin ọkùnrin náà lójú ìwé kejì, ìwọ ò bá wa dé ibojì!"

Nígbà tí wọ́n jáde, olùkọ́ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù?"

"Ẹ̀rù kẹ̀? Èmi? Kò sí o, mà."

Ẹ̀yin tó ń kàwé yìí, ká ní ó jẹ́wọ́ níbẹ̀ ni, mi ò bá má ní ìtàn kankan láti sọ.

3.

Ọ̀gá ilé iṣẹ́ yà sí kíláàsì náà lọ́jọ́ kan. Ó bọ́ sí ìgbà tó kan Mo-ti-gbọ́. Ó kà á geerege. Inú ọ̀gá dùn.

"Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ò tíì parí, sà," ni olùkọ́ wí.

"Ṣebí etí mi náà gbọ́ ọ!"

Bí wọ́n ṣe gbé ẹ̀rọ lé e lọ́wọ́ nìyẹn. Kò padà sí kíláàsì mọ́.

4.

Wọ́n tún ẹ̀rọ náà ṣe, wọ́n sì lẹ ìwé tuntun mọ́ ọn. Mo-ti-gbọ́ dé láàárọ̀, ó bá ìwé. Ojú rẹ̀ fò ó látòkè, ó ń wá ibi tó kan òun, títí ó fi rí i nísàlẹ̀ pátápátá: "Ẹni tó ń darí ẹ̀rọ yóò wá tẹ bọ́tìnì aláwọ̀ ewé." Ó mí kanlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kígbe láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ, níbi tí wọn kò ti lè rí ara wọn. "Àbúrò! Ṣé o ti ka ìwé tuntun yẹn?"

"Mo ti kà á!"

Ẹ̀gbọ́n gbà á gbọ́. Ó ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó wọ inú ẹ̀rọ, nítorí òkè ìwé náà sọ pé àárọ̀ ni wọn yóò máa fọ̀ ọ́ báyìí, kí ẹni tó ń darí rẹ̀ sì dúró títí ẹni tó ń fọ̀ ọ́ yóò fi jáde.

Mo-ti-gbọ́ tẹ bọ́tìnì.

Igbe tó jáde nínú irin yẹn, kí Ọlọ́run má jẹ́ ká gbọ́ irú ẹ̀. Ó tẹ bọ́tìnì tó máa ń dá a dúró tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ ń yí. Ó yíjú sí ìwé. Àwọn lẹ́tà ń rìn lójú rẹ̀ bí ìjàlọ. Ó figbe ta:

"Ẹ gbà mí o! Ẹ wá bá mi ka ìwé yìí! Ẹ wá bá mi kà á!"

Obìnrin kan tó ń di ọṣẹ sáré wá, ó wo àárín ìwé, níbi tí wọ́n kọ bí wọn yóò ṣe máa dá ẹ̀rọ dúró báyìí sí, ó fa irin kan wálẹ̀ lára ògiri. Ẹ̀rọ dákẹ́. Igbe inú rẹ̀ náà sì dákẹ́.

5.

Ẹ̀gbọ́n kò kú. Ṣùgbọ́n kò ní fi ẹsẹ̀ méjèèjì rìn mọ́ láyé. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, ìyàwó ẹ̀gbọ́n kò sì bá Mo-ti-gbọ́ sọ̀rọ̀ mọ́ títí dòní.

Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n lajú nílé ìwòsàn, kò bú u. Ó rọra ní:

"Àbúrò mi, ṣebí o ní o ti kà á?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣọ́ra. Bí ẹ bá wà ní kíláàsì, ẹ pa òfin rẹ̀ mọ́. Ẹ má fi ìtìjú ra ikú fún ẹlòmíràn. Ohun tí kò yé yín, ẹ nawọ́ sókè, ẹ bi wọ́n. Ìwé tó bá sì wà níwájú yín, ẹ kà á tán kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, torí gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Abèèrè kì í ṣìnà.