Ẹnu Méjì Tí Kò Pàdé Rí

Orí èérí eyín ni akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan gbé ìwádìí rẹ̀ kà. Nínú èérí yìí ni àwọn kòkòrò àìfojúrí ń gbé, tí wọ́n ń ṣe ẹ̀dà plásímíìdì, àkójọ àbùdá kékeré róbótó kan, fún ara wọn. Ó fẹ́ fi hàn pé plásímíìdì tí òun ń tọpa kì í ṣàdédé bá ènìyàn. Láti ẹnu dé ẹnu ni ó ń rìn. Ó ti yẹ ẹnu àwọn tọkọtaya wò, tiwọn sì bára mu. Ó ku ẹnu méjì tí kò pàdé rí, kí ìyàtọ̀ lè hàn. Bí ìyàtọ̀ kò bá hàn, kò sí oyè.

Ó mú ìyá rẹ̀, opó tí ń gbé ní òdìkejì ìlú, ó sì mú ọ̀gá tí ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀.

"Nínú gbogbo ẹnu tó wà láyé, tèmi lo rí?" ni ìyá rẹ̀ wí. Síbẹ̀, ó lanu. "Rọra họ ọ́ o. Ṣé ikọ́ ọ̀gá yín ti lọlẹ̀?"

"Ó ti lọlẹ̀, Mọ́mì. Ẹ má sọ̀rọ̀ mọ́."

Ọ̀gá náà fà sẹ́yìn díẹ̀. "Kí lo fẹ́ fi eyín arúgbó ṣe? Wá ọ̀dọ́ kan."

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n má ṣojúsàájú, sà."

Òun náà lanu.

Èsì dé: plásímíìdì kan náà. Akẹ́kọ̀ọ́ náà fura sí ọwọ́ ara rẹ̀. Ó nu tábìlì, ó pààrọ̀ ìbọ̀wọ́, ó tún ẹnu méjèèjì họ. Kò yí padà. Ọ̀gá rẹ̀, tí ó máa ń ní kí wọ́n tún iṣẹ́ ṣe nítorí ẹyọ irun kan, wo èsì náà, ó sì kọjú sí fèrèsé.

"Ó tó báyìí. Yọ tèmi kúrò, kóo wá ẹnu ẹlòmíì."

"Ṣé ọwọ́ mi ló dọ̀tí, sà?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

Lójú akẹ́kọ̀ọ́ náà, ẹni tí ó yọ èsì tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn ti purọ́. Ó sàn kí òun fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ní ọ̀sán Sátidé, ó lọ kan ilẹ̀kùn ilé ọ̀gá rẹ̀ láti sọ ọ́.

Ìyá rẹ̀ ni ó ṣílẹ̀kùn, tòun ti bàtà ilé lẹ́sẹ̀, ó wò ó títí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì kọjú sí yàrá pé: "Olówó orí mi, ẹ jáde wá, ẹ jẹ́ ká sọ fọ́mọ yìí pé ọwọ́ ẹ̀ mọ́, òótọ́ sì nìwádìí ẹ̀."