Gíláàsì Yipẹ́tà

"Ọmọ mi, sọ gíláàsì yìí kalẹ̀, èémí mi ò délẹ̀ mọ́."

Láti ìjókòó ẹ̀yìn ni Dóńà Eufemia ti sọ̀rọ̀. Tísà, ọmọ rẹ̀, ń fi yipẹ́tà, jíìpù àwọn ọlọ́lá, gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ìlú Moca, nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Ẹ̀rọ amúlétutù ọkọ̀ náà ti kú láti oṣù mẹ́ta, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣí gíláàsì nínú irú ooru yìí ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ òṣì.

"Màmá, ó ku ìṣẹ́jú méjì. Ẹ jẹ́ ká kọjá àwọn Don Eligio ná. Wọ́n á ní ààrò búrẹ́dì ni mò ń wà."

Lábẹ́ igi máńgòrò, àwọn tó ń ta dómínò rí wọn. Don Eligio fò dìde, ó ń pariwo. Àwọn yòókù sáré tẹ̀lé ọkọ̀, wọ́n ń nàka sí ìjókòó ẹ̀yìn. Tísà kò gbọ́ nǹkan kan. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé ọwọ́ sókè bí ìjòyè.

"Màmá, ẹ wò ó bí wọ́n ṣe ń kí wa! Ẹ juwọ́ sí wọn."

Àtẹ́lẹwọ́ Dóńà Eufemia ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Kò mì.