Ìbuwọ́lù Olórí Ilé

"Olórí ilé gbọ́dọ̀ buwọ́ lu fọ́ọ̀mù ìgbàwọlé náà," ni ọ̀gá wí lórí fóònù láti òkè òkun.

Akọ̀wé ilé ààbò àwọn obìnrin tí ọkọ ń lù wo obìnrin tó jókòó níwájú rẹ̀. Ojú rẹ̀ kan ti wú dí pátápátá. "Ọ̀gá, olórí ilé yẹn ló lù ú. Ṣé ká lọ bẹ̀ ẹ́ ni?"

"Ìgbìmọ̀ yóò gbé òfin náà yẹ̀ wò lọ́dún tó ń bọ̀. Láìsí ìbuwọ́lù, kò sí ibùsùn."

Akọ̀wé gbé fóònù sílẹ̀, ó pòṣé.

"Àǹtí, ṣé kí n máa padà ni?" ni obìnrin náà béèrè. "Bó bá délé tí kò bá mi, ó parí."

"Padà síbo? Jókòó." Akọ̀wé mú bírò, ó buwọ́ lu ìwé náà wéré bí ẹni tó ti mọ́ lára, ó sì lu òǹtẹ̀ lé e.

Obìnrin náà yọjú wò ó. "Èyí kì í ṣe orúkọ ọkọ mi."

"Ọkọ tèmi ni. Òun náà ló buwọ́ lu tèmi lọ́jọ́ tí mo sá wá síbí. Òun fúnra rẹ̀ ni kò mọ̀." Ó na kọ́kọ́rọ́ sí i. "Ìwọ ni ìyàwó rẹ̀ kẹtàdínlógún. Òkè òkun ò tíì béèrè rí."